Ẹni Tí Ó Jókòó Ti Olùkọ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ọjọ́ kejì ọdún Ifá, níwájú àwọn awo, àwọn àlejò àti àwọn olùwádìí

  

Àwọn tí ó ṣètò ọdún yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn olùkọ́ ẹ̀mí nínú oríṣiríṣi ẹ̀sìn ayé, àwọn tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn wá ojú Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ náà tóbi. Bí mo bá ní kí n máa ka orúkọ wọn, ilẹ̀ yóò ṣú mọ́ wa níbí, ẹ kò sì ní rí nǹkan kan mú lọ sílé. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ kan ni n óò gbà wọlé. Ẹni tí ó jókòó ti olùkọ́ ni mo fẹ́ kí a wò: ẹni tí ó gbọ́, tí ó rántí, tí ó sì mú kí àwa tí a kò sí níbẹ̀ náà gbọ́. Ìdí tí mo fi gba ọ̀nà yìí kan èmi fúnra mi, n óò sì sọ ọ́ kí n tó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí Ifá ti bá àwọn mìíràn pàdé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, àjọ UNESCO kéde àwọn ohun àjogúnbá kan tí wọ́n wà ní ẹnu àti ní ìṣe àwọn ènìyàn, tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ bá wọn tọ́jú. Ifá wà lára wọn. Gbogbo wa ni a mọ èyí, a sì ń fi yangàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò kíyè sí ni pé inú ìkéde kan náà ni a ti dárúkọ ìjọsìn àwọn Mevlevi ti ilẹ̀ Túrkì, àwọn Súfì tí wọ́n máa ń wọ aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀, tí wọ́n máa ń pòòyì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí wọ́n ti ń rántí Ọlọ́run. Ní ọdún 2008, a kọ àwọn méjèèjì sínú ìwé kan náà. Ẹgbẹ́ ni wá nínú ìwé yẹn, ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ mọ ìtàn ara wọn.

Jalal al-Din Rumi ni olùkọ́ tí àwọn Mevlevi ń tọ̀ lẹ́yìn. Ní ọdún 1207 ni a bí i ní ìhà Balkh. Ìrìn-àjò gígùn ni ó gbé ìdílé rẹ̀ dé Konya, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Túrkì lónìí. Onímọ̀ ẹ̀sìn ni bàbá rẹ̀, òun náà sì di onímọ̀, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ní iyì nínú ìlú. Lẹ́yìn náà ni alárìnkiri kan dé láti Tabriz ní ọdún 1244, Shams ni orúkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jowú. Shams lọ, wọ́n wá a padà, ó tún lọ, a kò sì rí i mọ́. Ìbànújẹ́ yẹn sọ onímọ̀ di akéwì.

Gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn láti sọ ìtàn Shams. Èmi fẹ́ràn ti Husam al-Din Chalabi jù ú lọ. Ọmọlẹ́yìn Rumi ni. Wọ́n ní ó rí i pé àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ń ka ewì Sana'i àti ti Attar, àwọn olùkọ́ tí ó ti kú ṣáájú, ó wá bẹ Rumi pé kí ó ṣe irú rẹ̀ fún àwọn. Wọ́n ní Rumi mú bébà kan jáde láti inú láwàní rẹ̀, ìlà 18 àkọ́kọ́ sì ti wà lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, Rumi ń sọ ọ́ lẹ́nu, Husam ń kọ ọ́. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n ń ṣe é láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Husam yóò wá kà á padà fún un, wọn yóò sì tún un ṣe. Bí wọ́n ṣe ṣe é títí ó fi di apá mẹ́fà nìyẹn, nǹkan bí ẹsẹ ewì 25,000, ìwé tí a ń pè ní Masnavi.

Ṣùgbọ́n nígbà tí apá kìn-ín-ní parí, wọ́n ní ìyàwó Husam kú. Ọ̀fọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, kò lè kọ̀wé mọ́. Iṣẹ́ náà dúró fún nǹkan bí ọdún méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Rumi ní ọmọlẹ́yìn púpọ̀ tí wọ́n mọ̀wé kọ. Ó lè pe ẹlòmíràn. Kò pè é. Ó dúró de Husam. Ó hàn pé kì í ṣe akọ̀wé lásán ni ó wà níwájú rẹ̀. Etí tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ bá ni, bí etí yẹn kò bá sì sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde.

Rumi kú ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1273. Sultan Walad ọmọ rẹ̀ ni ó fi ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ náà múlẹ̀, ìlànà ìkọ́ṣẹ́ kan sì jáde láti inú rẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ awo gbọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé yóò kọ́kọ́ jókòó lórí awọ àgùntàn ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò ní ṣe nǹkan kan. Yóò máa wo àwọn tí ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá tún ń fẹ́ lẹ́yìn náà, ọjọ́ 1001 ni yóò fi sìn: gbígbálẹ̀, omi pípọn, ọjà lílọ, abọ́ fífọ̀. Nínú ilé ìdáná yẹn kan náà ni yóò ti kọ́ bí a ṣe ń pòòyì, lórí pátákó tí a kan ìṣó sí láàárín, tí yóò fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì há, kí ó má baà sún kúrò ní ojú kan. Bí ó bá já ìsìn náà láàárín, tí ó tún padà wá, láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni yóò tún bẹ̀rẹ̀.

(Àlejò wa kan bi mí lánàá pé ọjọ́ mélòó ni ó ń gbà kí ènìyàn tó di babaláwo. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì tọrọ àforíjì. Ọjọ́ 1001 kò pé ọdún mẹ́ta. Àwọn bàbá wa lo mẹ́wàá, wọ́n lo jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì tún ń pe ara wọn ní akẹ́kọ̀ọ́.)

Ní ọdún 1925, ìjọba Túrkì ti gbogbo ilé àwọn Súfì pa. Ilé ìdáná náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní àwọn ọdún 1950 ni a tó tún gbà wọ́n láyè láti pòòyì ní gbangba ní Konya. Àwọn tí ó tún gbé e dìde nígbà náà kì í ṣe àwọn tí ó ka ìwé nípa rẹ̀. Àwọn arúgbó tí ó ti wà nínú ilé ìdáná ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí Tibet, níbi tí ìtàn ti le ju èyí lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá ni Milarepa gbé ayé. Bàbá rẹ̀ kú, àbúrò bàbá rẹ̀ ọkùnrin àti obìnrin gba dúkìá, wọ́n sọ òun, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ di ẹrú nínú ilé ara wọn. Ìyá rẹ̀ rán an lọ kọ́ oògùn ìkà. Ó kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Ìtàn náà sọ pé ilé wó lé àwọn ènìyàn 35 lórí níbi ìgbéyàwó, pé ó tún pe yìnyín sórí oko wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí ó sùn. Ó gba ọ̀dọ̀ Marpa lọ, olùkọ́ tí ó ti rìnrìn-àjò lọ sí Íńdíà nígbà mẹ́ta láti fi wúrà wá ẹ̀kọ́.

Marpa kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ó ní kí ó kọ́ ilé gogoro. Nígbà tí ilé náà ń ga bọ̀, ó ní kí ó wó o, kí ó dá òkúta kọ̀ọ̀kan padà síbi tí ó ti kó o. Ó tún ní kí ó kọ́ òmíràn, ó tún ní kí ó wó o. Ẹ̀yìn Milarepa bó, ó di egbò. Ìyàwó Marpa, Dakmema, ni ó ń bọ́ ọ ní ìkọ̀kọ̀, òun ni ó ń bá a tọ́jú egbò, òun ni ó ń bá a bẹ olùkọ́. Nígbà tí Marpa wá gbà á ní ọmọ níkẹyìn, ó ṣàlàyé pé òkúta wọ̀nyẹn ni Milarepa fi ń san gbèsè àwọn tí ó pa.

N kò fẹ́ kọjá níbí láìsọ ohun tí ó wà nínú mi. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń fi irú ìtàn yìí dá ara wọn láre. Wọ́n gba ọmọ ọlọ́mọ sí ilé, wọ́n ní kí ó máa roko, kí ó máa gbé ẹrù, ọdún márùn-ún lọ, ọmọ náà kò mọ ojú Odù kan. Wọ́n á ní sùúrù ni àwọn fi ń kọ́ ọ. Marpa mọ ìdí tí òkúta kọ̀ọ̀kan fi wà lẹ́yìn ọmọ yẹn, nígbà tí ó sì tó àkókò, gbogbo ohun tí ó fi wúrà rà ní Íńdíà ni ó kó lé e lọ́wọ́. Ẹni tí kò ní nǹkan tí yóò fúnni kò yẹ kí ó dárúkọ Marpa. Nǹkan mìíràn sì tún ni pé nígbà tí Tsangnyön Heruka kọ ìtàn Milarepa sílẹ̀ ní ọdún 1488, ó ju ọ̀ọ́dúnrún ọdún lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ta ni ó ń sọ ọ́ láti ẹnu dé ẹnu ní gbogbo ìgbà yẹn? Àwọn tí ó jókòó ni.

Ibi tí mo fẹ́ pẹ́ sí díẹ̀ ni Bengal, ní Íńdíà. Ní ọdún 1836 ni a bí Ramakrishna ní abúlé kan tí ń jẹ́ Kamarpukur. Ó di àwòrò òrìṣà obìnrin tí wọ́n ń pè ní Kali, ní Dakshineswar létí odò, lẹ́bàá ìlú Calcutta, nínú tẹ́ńpìlì tí obìnrin ọlọ́rọ̀ kan, Rani Rashmoni, kọ́, tí a sì ṣí ní 1855. Ìwé rẹ̀ kò lọ jìnnà. Kò kọ ìwé kankan. Ó gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bhairavi, ó gbà á lọ́wọ́ Totapuri alárìnkiri, ó tún fi ìgbà díẹ̀ tọ ọ̀nà àwọn Mùsùlùmí àti ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì kí ó lè mọ ibi tí wọ́n dé. Àwọn àlejò wa fẹ́ràn láti máa mẹ́nu kan èyí, pé ọ̀nà gbogbo kò ju ọ̀kan lọ. Wọ́n kì í sábà rántí pé ó kọ́kọ́ rin ọ̀kan jinlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó yà wo àwọn ìyókù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1882, ọ̀gá ilé ìwé kan ní Calcutta, Mahendranath Gupta, yà síbẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún 28. Ó ní aya, ó ní ọmọ, ìdààmú ilé sì pọ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà, nígbàkígbà tí ó bá ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ dé, yóò jókòó sílé, yóò kọ ohun tí ó gbọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan. Ó ń kọ ọjọ́, ó ń kọ wákàtí, ó ń kọ bí òṣùpá ṣe rí, ẹni tí ó wà nínú yàrá, ibi tí olùkọ́ jókòó sí, orin tí wọ́n kọ. Fún ara rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1886, àrùn jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun pa Ramakrishna, ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ péré lẹ́yìn tí wọ́n pàdé. Apá kìn-ín-ní ìwé náà, Kathamrita, jáde ní èdè Bengal ní 1902. Apá karùn-ún jáde ní 1932, ọdún tí Gupta fúnra rẹ̀ kú. Ààbọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni ó fi tú ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́rin palẹ̀, kò sì jẹ́ kí ju lẹ́tà kan orúkọ rẹ̀ lọ, M, hàn lórí rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i, òṣìṣẹ́ ni. Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ni ó sábà máa ń ráyè lọ. Nítorí náà, Ramakrishna tí ayé mọ̀ lónìí, Ramakrishna ọjọ́ Àìkú ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Kí ni ó ń sọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun? Ẹnìkan wà tí ó gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Sarada Devi, aya rẹ̀, ń gbé inú yàrá kótópó kan nínú ọgbà tẹ́ńpìlì náà, ó ń dáná fún olùkọ́ àti fún àwọn tí ó wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ihò kékeré kan wà lára ìdènà tí a fi oparun ṣe ní iwájú yàrá rẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti máa ń wo orin àti ijó. Nígbà tí Gupta bẹ̀rẹ̀ sí í ronú àtitẹ ìwé rẹ̀, òun ni ó kà á fún. Ó fọwọ́ sí i. Òun náà kọ́ni títí ó fi kú ní ọdún 1920.

N óò yára mẹ́nu kan obìnrin méjì mìíràn. Rabi'a ti ìlú Basra, ẹrú tí ó gba òmìnira, kú ní 801. Kò sí ìwé kan tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, Attar sì kọ nípa rẹ̀ ní nǹkan bí irínwó ọdún lẹ́yìn náà. Ní Norwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, obìnrin kan ṣàìsàn dójú ikú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1373, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì rí ìran 16. Ó lọ gbé inú yàrá kan tí a kọ́ mọ́ ara ṣọ́ọ̀ṣì St Julian, ó sì kọ ìran náà fúnra rẹ̀. A mọ ìwé náà. A kò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ni a fi ń pè é.

Ó tó kí n wá sọ̀rọ̀ ilé báyìí.

Mo kọ́ Ifá lọ́dọ̀ bàbá kan ní ìgbèríko. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí wọ́n fà mí lé e lọ́wọ́, ọdún méje ni mo sì lò kí n tó lọ sí ìlú ńlá fún ilé ìwé. N kò tíì jáde. Bàbá kò bínú, ó kàn ní, “Ó kù.” Nígbàkígbà tí mo bá ti wálé ní ìsinmi, tí mo bá kì í fún un gbọ́, ohun tí yóò sọ náà nìyẹn: “Ó kù.” Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ra ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, mo sì gbé e lọ bá wọn. Bàbá wò ó títí. Wọn kò gbà, wọn kò kọ̀. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí a jẹ iṣu tuntun ná. Ẹsẹ̀ kan ilé, ẹsẹ̀ kan ọ̀nà ni mí. Mo ní n óò padà wá. Bàbá kú kí iṣu tuntun tó dé. Ẹ̀bi náà, tèmi ni. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ mi ni ìwé kan tí mo ti kọ nígbà ọmọdé, ẹsẹ Ifá bí mélòó kan láti inú Odù kan, òmíràn dúró láàárín ọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ bá.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan wà níhìn-ín tí wọ́n gbà pé kò yẹ kí a kọ Ifá sílẹ̀ rárá. N kò bá wọn jà. Àwọn ọmọ wa tí a kó lọ sí Cuba ni ó mọ ohun tí ó fà á tí àwọn fi di ẹni tí ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré, tí bàbá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin olùwádìí ni mo fẹ́ bẹ̀. Ní ọdún 1951, William Bascom gba ohùn Salakọ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ẹni tí ó mọ ẹẹ́rìndínlógún. Nígbà tí ìwé náà jáde ní 1980, orúkọ Salakọ wà nínú rẹ̀, a mọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ orúkọ awo, bí ó bá gbà, ẹ kọ ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ohùn náà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ̀yin ọmọ awo tí ẹ ń gbé ìlú ńlá bí tèmi, ọjọ́ ìsinmi yín tó. Ọjọ́ ìsinmi ni ti Gupta náà.

Lẹ́yìn tí a sìnkú bàbá tán, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ka ìwé mi sókè. Mo gbọ́ ohùn Ìyá, aya wọn, láti ilé ìdáná.

“Kì í ṣe bí bàbá yín ṣe máa ń kì í nìyẹn.”

Mo dákẹ́. Ìyá jáde, wọ́n ń fi ìborùn nu ọwọ́, wọ́n sì dárúkọ awo tí ó dá Ifá náà, èyí tí mo ti kọ ní àkọgbé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n parí ẹsẹ tí tèmi dúró láàárín. Ó ju ogójì ọdún lọ tí wọ́n fi ń dáná ní ìrọ̀lẹ́, tí bàbá ń kọ́ àwọn ọmọ awo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí kò sí ju ògiri kan lọ láàárín wọn. Mo ní, “Ìyá, ẹ kò sọ fún wa rí pé ẹ mọ̀ ọ́n.” Wọ́n ní, “Ta ni ó bi mí?”

Ẹnìkan lè bi mí bóyá ó tọ́, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò tẹ Ìyá ní Ifá. Èsì mi ni pé ohun tí bàbá ń sọ sókè fún ọmọ ọdún méjìlá kò lè jẹ́ àṣírí fún ẹni tí ń se oúnjẹ fún ọmọ náà. Ibi tí àṣírí bá wà, Ìyá mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bí a bá dé irú ibẹ̀, wọn á ní, “Èyí kì í ṣe tèmi,” a óò sì ṣí ojú ewé.

Mo ń lọ ní ọjọ́ ìsinmi tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ Ifá. Ní ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, a kà á dé ẹsẹ kejìdínlógún. Ìyá ní kí n tètè máa dé láti ìsinsìnyí lọ, nítorí pé oorun máa ń tètè gbé wọn.